Ta Ló Ru Erùpẹ̀ Náà?

 

Ní ọdún 1068, àwọn ọmọ ogun William, ọba tuntun tó ti Nọ́máńdì wá gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ ìlú Lincoln. Orí òkè ni ìlú náà wà, ilé sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n wo ibi tó ga jù lọ, wọ́n ní ibẹ̀ ni ilé olódi ọba yóò dúró. Ilé 166 ni wọ́n wó. Iye yẹn kì í ṣe àsọdùn, torí pé inú Ìwé Domesday ló wà, ìwé ńlá tí William fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n fi ṣe àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti ohun ìní gbogbo tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe é ní 1086. Ìwé kan náà sọ pé ilé 98 ló bá ilé olódi lọ ní Norwich, 51 ní Shrewsbury, 27 ní Cambridge. Ní York, ìlú pín sí ọ̀nà méje, odindi ọ̀kan nínú rẹ̀ ló sì di ahoro nítorí ilé olódi. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé àwọn akọ̀wé ọba ló kọ eléyìí sílẹ̀. Wọn ò kọ ọ́ láti bá ẹnikẹ́ni kẹ́dùn. Owó tí kò ní wọlé fún ọba mọ́ láti inú àwọn ilé náà ló ká wọn lára.

Tí a bá gbọ́ nípa ilé olódi àwọn ọba òyìnbó láyé àtijọ́, ògiri òkúta gíga ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, nítorí òun ni a ń rí nínú fíìmù. Òkúta pẹ́ kó tó dé. Erùpẹ̀ àti igi ló kọ́kọ́ de àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀. Òkìtì erùpẹ̀ ńlá tí a fọwọ́ kó jọ, tí ilé ìṣọ́ onígi wà lórí rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé olódi ìgbà náà. Ìbéèrè tí mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló ru erùpẹ̀ náà? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí ìyẹn ti mọ ohun tó pọ̀ nípa bí àwọn ìjòyè ṣe jẹ gàba lórí àwọn àgbẹ̀ ní Yúróòpù fún nǹkan bí igba ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe rí. Wọ́n á gbẹ́ yàrà yípo ibi tí wọ́n bá yàn. Erùpẹ̀ tó ń jáde nínú yàrà náà ni wọ́n á máa dà sí àárín, tí wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele, títí yóò fi di òkìtì roboto tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀, tí orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n á kọ́ ilé ìṣọ́ onígi sórí rẹ̀, wọ́n á ri òpó igi mọ́lẹ̀ yí i ká bí ọgbà. Ní ẹsẹ̀ òkìtì ni àgbàlá wà, òun náà pẹ̀lú yàrà àti ọgbà igi tirẹ̀. Inú àgbàlá yìí ni gbọ̀ngàn ìjẹun wà, àti ilé ìdáná, ilé ẹṣin, àká ọkà, àgbẹ̀dẹ, kànga àti ṣọ́ọ̀ṣì kékeré. Afárá igi ló so àgbàlá pọ̀ mọ́ orí òkìtì. Tí ọ̀tá bá ráyè wọ àgbàlá, àwọn tó wà níbẹ̀ á gba orí afárá sá gòkè, wọ́n á sì máa ta ọfà sílẹ̀ láti òkè.

Púpọ̀ nínú àwọn òkìtì wọ̀nyí kò ga tó mítà 5. Àwọn tó ga ju mítà 10 lọ kò wọ́pọ̀. Ti Thetford, ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló yàtọ̀: ó ga tó nǹkan bíi mítà 19 títí di òní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales nìkan, òkìtì tí àwọn onímọ̀ ti kà lé ní 700.

Ohun tó mú kí òkìtì wu àwọn ìjòyè ni pé ó yá, kò sì náni lówó. Ilé ìṣọ́ olókùúta tí William bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí wọ́n ń pè ní Ilé Ìṣọ́ Funfun, gba ọ̀pọ̀ ọdún. William kú ní 1087 láì tí ì parí rẹ̀. Ilé olódi elérùpẹ̀ kejì ní York ńkọ́? Orderic Vitalis, mọ́ńkì kan tí wọ́n bí nítòsí Shrewsbury ní 1075, sọ pé ọjọ́ mẹ́jọ ni ọba lò sí i ní ìlú náà láti kọ́ ọ. Òkúta ń fẹ́ ọ̀mọ̀lé, ó ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbẹ́, ó sì ń fẹ́ owó. Erùpẹ̀ kò bèèrè ju ṣọ́bìrì, dígà, agbọ̀n àti ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ lọ. Ọwọ́ ènìyàn sì nìyẹn, ìjòyè ló ni ín, torí pé ó wà nínú ohun tí àgbẹ̀ jẹ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àfipáṣe.

William kọ́ ló dá a sílẹ̀. Láti ilẹ̀ Faransé ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọba ńlá tí Charlemagne fi sílẹ̀ ń tú ká, tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bá ara wọn jà, tí àwọn ajalèlókun láti Dẹ́nmárkì àti Nọ́wè sì ń tọ odò wọ inú ilẹ̀ wá jí ẹrù kó. Nígbà tí ọba ò lè gba ará ìlú, ìjòyè tó wà nítòsí ni wọ́n ń sá tọ̀. Ìjòyè náà á wá rí i pé ẹni tó ní odi tirẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀tá, ó sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọba pẹ̀lú. Ní 864, ní ìlú Pîtres, Ọba Charles tí wọ́n ń pè ní Apárí pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ odi láìgba àṣẹ òun, kó lọ wó o. Àṣẹ yẹn fi hàn pé wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, agbára ọba túbọ̀ ń dín kù ni. Nígbà tó fi máa di ọdún 1000, Fulk Nerra, olórí Anjou, ti ń to ilé olódi káàkiri agbègbè odò Loire, tó ń fi wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ tó dára jù lọ nípa òkìtì wá láti ọwọ́ àlùfáà kan tó kọ ìtàn ìgbésí ayé John, bíṣọ́ọ̀bù Thérouanne, tó kú ní 1130. Ó sọ fún wa pé ìjà àti ẹ̀san ni àwọn ènìyàn ńláńlá agbègbè náà fi ń ṣe iṣẹ́ ṣe. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kó òkìtì jọ: kí ọwọ́ ọ̀tá má tó wọn, kí wọ́n borí ẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n sì lè tẹ àwọn tó kéré sí wọn mọ́lẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àlùfáà yẹn. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìgbà náà ló jẹ́ pé oúnjẹ ìjòyè ni wọ́n ń jẹ, ẹnu wọn ò sì lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún ròyìn pé nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù náà dé òkìtì kan ní Merckem, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, èrò rọ́ tẹ̀ lé e débi pé afárá já ní àárín, ní ibi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 35 sókè. Bíṣọ́ọ̀bù, èrò, pákó àti ìtì igi, gbogbo rẹ̀ ló kó sínú yàrà. Kò sí ẹnì kankan tó fara pa, àlùfáà wa sì kà á sí iṣẹ́ ìyanu.

William náà mọ ewu òkìtì láti kékeré. Bàbá rẹ̀ kú ní 1035 nígbà tí òun kò ju ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ lọ. Àwọn ìjòyè Nọ́máńdì rí i pé ọmọdé ló wà lórí oyè, oníkálukú wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ yàrà tirẹ̀. Nígbà tó ṣẹ́gun wọn ní Val-ès-Dunes ní 1047, wíwó àwọn ilé olódi tí wọ́n kọ́ láìgba àṣẹ wà lára ohun tó kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1091, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì pe àpérò ní Caen, wọ́n ní kí wọ́n kọ àwọn òfin bàbá wọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú òfin náà wú mi lórí gan-an: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ yàrà tó jìn ju ibi tí ènìyàn ti lè dúró sí ìsàlẹ̀, kó fi ṣọ́bìrì ju erùpẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì balẹ̀ sí etí yàrà láìsí pẹpẹ láàárín. Ẹ ò rí i pé apá àgbẹ̀ kan àti ṣọ́bìrì rẹ̀ ni ìjọba fi wọn ibi tí ọgbà lásán parí sí àti ibi tí ọ̀tẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin tó mọ nǹkan wọ̀nyí ló gúnlẹ̀ sí Pevensey ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1066. Kò tí ì bá Harold, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jà tó fi kọ́ odi sínú ògiri àtijọ́ tí àwọn ará Róòmù fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó kọjá sí Hastings, ó tún ní kí wọ́n gbẹ́ òmíràn. A rí iṣẹ́ náà pẹ̀lú ojú wa lára aṣọ Bayeux, aṣọ gígùn tó tó mítà 68, tí wọ́n fi òwú aláràbarà kọ ìtàn ogun náà sí ní ọ̀rúndún kọkànlá yẹn kan náà. Òkìtì wà níbẹ̀ tí ìpele ìpele erùpẹ̀ rẹ̀ hàn ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Àwọn òṣìṣẹ́ di ṣọ́bìrì mú, ẹnì kan dúró tó ń pàṣẹ fún wọn. Méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà sì ń fi ṣọ́bìrì la ara wọn mọ́ orí. Mi ò mọ iṣẹ́ ọ̀nà mìíràn nígbà náà tó bu ọlá fún àwọn agbẹ́lẹ̀ tó báyìí, tó jẹ́ kí a rí i pé ènìyàn ni wọ́n, pé ó ń rẹ̀ wọ́n, pé inú ń bí wọn. Kété lẹ́yìn àwòrán yẹn, ilé kan ń jó, obìnrin kan sì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n ń jáde.

Ogun Hastings jà ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, Harold kú, William sì gba adé ní ọjọ́ Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n ẹ ro ipò tí ó wà. Àwọn tó bá a wá kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ, àwọn ará ilẹ̀ náà sì tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ó kéré tán. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Báwo ni ìwọ̀nba ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe máa sùn lóru? Orí òkìtì ni wọ́n ń sùn. Nígbà tí William padà sí Nọ́máńdì ní 1067, ó fi Odo, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Bayeux, àti William fitzOsbern sílẹ̀. Àwọn mọ́ńkì tó ń kọ ìtàn ọdọọdún ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàkọsílẹ̀ pé àwọn méjèèjì ń kọ́ ilé olódi káàkiri, wọ́n sì ń fi ìyà jẹ àwọn tálákà. Ní 1068, William gba Exeter, Warwick, Nottingham, York, Lincoln, Huntingdon àti Cambridge kọjá, ilé olódi sì ń hù lẹ́yìn rẹ̀. Orderic gbà pé ohun tó bá àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn: akíkanjú ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò ní irú odi bẹ́ẹ̀ láti fi dúró.

Wọ́n ní odi o, irú mìíràn ni. Láti ayé Ọba Alfred àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ odi yí odindi ìlú ká, pẹ̀lú ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé gbogbo ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ odi àti yàrà tí àwọn baba wa fi yí ìlú ká, ẹ mọ irú rẹ̀: bí ogun bá dé, gbogbo ìlú ló wà nínú. Iṣẹ́ odi bẹ́ẹ̀ kò rọrùn fún ẹni tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìyàwó àti ọmọ òun yóò sùn sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá lọ wo Wallingford, lẹ́bàá odò Thames. Odi ìlú ayé Alfred ṣì wà níbẹ̀. Igun kan nínú rẹ̀ ni àwọn ará Nọ́máńdì gbà, tí wọ́n wó ilé mẹ́jọ, tí wọ́n sì kó òkìtì tiwọn jọ síbẹ̀. Odi kan wà fún ìlú láti dojú kọ ọ̀tá tó ń bọ̀ láti ìta. Òkìtì wà fún olúwa kan ṣoṣo, ìlú gan-an ló sì dojú kọ. Àwọn tó ru erùpẹ̀ rẹ̀ kò ní àyè lórí rẹ̀. Wọ́n ń gbẹ́ yàrà tí yóò ya àwọn fúnra wọn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn. Èmi ò rí ìwà ìrẹ́jẹ tó kọjá èyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ilẹ̀, torí òkìtì láìsí ilẹ̀ kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni. Lójú William, òun ló ni gbogbo ilẹ̀. Ó pín in fún àwọn ìjòyè rẹ̀, kì í ṣe pé kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lásán: wọ́n gbọ́dọ̀ máa pèsè iye jagunjagun ẹlẹ́ṣin kan fún un. Ìjòyè náà á tún pín lára tirẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀. Ẹni tó ń gba ilẹ̀ á kúnlẹ̀, á kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sáàárín ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, á sì búra pé ẹni rẹ̀ lòun. Láti orí ìjòyè tó ga jù lọ títí dé orí ẹlẹ́ṣin tó ní abúlé kan ṣoṣo, gbogbo wọn ló jẹ ìsìn fún ẹlòmíràn nítorí ilẹ̀. Lábẹ́ gbogbo wọn ni àgbẹ̀ wà. Òun kò kúnlẹ̀ gba nǹkan kan. Wọ́n kà á mọ́ ilẹ̀ náà ni. Ó ń ro oko ọ̀gá ní ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀, ó ń san owó kó tó lọ ọkà, bí wọ́n bá sì ní yàrà ilé olódi ti dí, òun ni yóò lọ kó o. Nígbà tó fi máa di 1086, ní gbogbo gúúsù odò Tees, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣì jẹ́ onílẹ̀ ńlá lábẹ́ ọba kò ju méjì lọ: Thurkill ti Arden àti Colswein ti Lincoln.

Ilé olódi ni ìdí tí ètò yìí fi lè dúró. Ní Sussex, wọ́n gé ilẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀nà láti etíkun wọ inú, wọ́n sì fi ilé olódi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: Arundel, Bramber, Lewes, Pevensey, Hastings. Ní ààlà Wales, wọ́n fi àwọn ìjòyè tó gbójú sí Chester, Shrewsbury àti Hereford. Apá kan nínú ìsìn àwọn ẹlẹ́ṣin ni pé kí wọ́n máa gba ara wọn lẹ́nu iṣẹ́ láti ṣọ́ ilé olódi ọ̀gá wọn. Ibẹ̀ náà ni ilé ẹjọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọkà àti owó lọ. Àwọn obìnrin pàápàá dá a mọ̀. Ní 1075, tí olórí Norfolk ṣọ̀tẹ̀ sí William tó sì sá lọ, Emma ìyàwó rẹ̀ ló dúró sínú ilé olódi Norwich, tó ń dáàbò bò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, títí wọ́n fi gbà kí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde lọ ní àlàáfíà.

Ayé inú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ayé ọlọ́lá ni? Ní Hen Domen, nítòsí Montgomery ní Wales, Philip Barker àti Robert Higham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ọgbọ̀n ọdún ó lé, láti 1960 títí di 1992, wú ilẹ̀ ilé olódi kan tí Roger ti Montgomery kọ́ ní àwọn ọdún 1070. Wọ́n wú u díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wá ojú ihò òpó àti àmì igi tó ti jẹrà. Wọ́n rí i pé ilé há mọ́ ara wọn nínú àgbàlá náà ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ, pé léraléra ni wọ́n ń tún àwọn ilé náà kọ́, àti pé ohun olówó iyebíye ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ibùdó ogun ni, níbi tí ènìyàn, ẹṣin àti ẹrẹ̀ ti jọ ń gbé. Àwọn mìíràn sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lambert, àlùfáà Ardres, ṣàpèjúwe ilé onígi kan tí gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń jẹ́ Louis, ará Bourbourg, kọ́ fún Arnold olúwa Ardres sórí òkìtì rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìlá: alájà mẹ́ta, tó ní ilé ìpamọ́ nísàlẹ̀, yàrá olúwa àti ìyàwó rẹ̀ láàárín, àti ilé àdúrà tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Inú mi dùn pé orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ àwọn tó kó erùpẹ̀ jọ.

Òkìtì kan wà tí mi ò lè dárúkọ rẹ̀ kí ọkàn mi má gbọgbẹ́. Ti York ni, èyí tí Ilé Ìṣọ́ Clifford wà lórí rẹ̀ lónìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1190, ìkórìíra sí àwọn Júù gbòde. Àwọn ìjòyè kan tó jẹ wọ́n ní gbèsè, tí Richard Malebisse wà lára wọn, ló ń ru àwọn ènìyàn sókè. Nǹkan bí 150 Júù, tọkùnrin tobìnrin tọmọ, sá wọ ilé ìṣọ́ onígi orí òkìtì náà, torí pé ti ọba ni, abẹ́ ààbò ọba sì ni wọ́n wà. Àwọn èrò náà yí wọn ká. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn yàn láti fọwọ́ ara wọn pa ara wọn kí ọwọ́ àwọn apànìyàn má baà tẹ̀ wọ́n. Iná jó ilé ìṣọ́ náà. Àwọn tó jáde lórí ìlérí pé a ó dá ẹ̀mí wọn sí, pípa ni wọ́n pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú, wọ́n sì sun ìwé gbèsè.

Bí ọba bá lágbára, ẹrú ọba ni òkìtì ń ṣe. Bí ọba bá rọ, oníkálukú a di ọba lórí òkìtì tirẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ láàárín 1135 sí 1153, nígbà tí Stephen àti Matilda ń du adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mọ́ńkì kan ní Peterborough kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìrora bí àwọn alágbára ṣe ń fipá kó àwọn ará ìlú ṣe iṣẹ́ ilé olódi, tí wọ́n sì ń jí ẹni tí wọ́n bá gbọ́ pé ó lówó gbé lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń dá a lóró títí yóò fi tú owó sílẹ̀. Nígbà tí Henry Kejì jọba ní 1154, ó ní kí wọ́n wó àwọn tí wọ́n kọ́ láìgba àṣẹ, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì wó. Ní Írẹ́lándì, tí àwọn ìjòyè láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà láti 1169, òkìtì tún ń hù. Hugh de Lacy, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ilé olódi jù lọ níbẹ̀, ń yẹ èyí tí wọ́n ń kọ́ fún un wò ní Durrow ní 1186, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Írẹ́lándì kan yọ àáké tó fi pa mọ́ sábẹ́ aṣọ, tó sì bẹ́ ẹ lórí.

Ẹ̀rí pé ìnira yìí wọ àwọn tó lówó lọ́wọ́ pàápàá lára wà nínú Magna Carta ti 1215, ìwé àdéhùn láàárín ọba àti àwọn ìjòyè. Abala 29 sọ pé olórí ilé olódi kan kò gbọdọ̀ fipá gba owó lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin dípò ìṣọ́, tí ẹlẹ́ṣin náà bá fẹ́ fúnra rẹ̀ ṣọ́ ọ. Abala 31 sọ pé ọba àti àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ mú igi onígi lọ kọ́ ilé olódi láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i. Igi rí agbẹjọ́rò. Ọwọ́ àti ẹ̀yìn àwọn tó ń ru erùpẹ̀ kò rí.

Nígbà náà, ayé òkìtì ti ń lọ sópin. Òpó igi tí a rì mọ́ ilẹ̀ tútù kì í pẹ́ jẹrà, iná sì tètè ń ràn án. Lára aṣọ Bayeux kan náà, ẹ ó rí àwọn ọmọ ogun William tí wọ́n ń ti iná bọ ọgbà igi òkìtì Dinan. Ẹni tó lówó á fi ògiri òkúta rọ́pò igi. Àmọ́ erùpẹ̀ tí a kó jọ kì í fìgbà gbogbo lè ru òkúta. Ní Duffus, ní àríwá Skọ́tlándì, wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ olókùúta tó wúwo sórí òkìtì tí wọ́n kó jọ ní ọ̀rúndún kejìlá. Òkìtì náà yẹ̀, odindi igun kan ilé náà ya, ó sì yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí di òní, tí ẹ bá débẹ̀ ẹ ó fojú rí i.

Ẹ̀yin ènìyàn wa tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òkìtì kan kò jìnnà sí yín. Tí ẹ bá rí àsíá tó ń fẹ́ lórí Ilé Ìṣọ́ Roboto ní Windsor, òkìtì William ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí Oxford, ẹ lọ sí Cardiff, ẹ lọ sí Thetford. Ẹ má wo orí rẹ̀ nìkan. Ẹ wo yàrà tó yí i ká pẹ̀lú, torí inú ihò yẹn ni òkè yẹn ti jáde wá. Ẹ sì má gbà pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó jọ lẹ́yìn 1066. Òkìtì Marlborough, tí àwọn ará Nọ́máńdì sọ di ilé olódi, ni àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò ní 2011, wọ́n sì rí i pé ó ti wà láti nǹkan bíi 2400 ṣáájú ìbí Kristi. Ní 2016, Jim Leary àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tún rí i pé ti Skipsea ní Yorkshire ti pé nǹkan bí 2,500 ọdún. Ìjòyè tó bá bá òkìtì nílẹ̀ kì í fi í ṣòfò, ó kàn ń gbẹ́ yàrà kún un ni. Àwọn onímọ̀ sì ti ń yẹ àwọn mìíràn wò bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí òkìtì dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń yọ ìpele erùpẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ilé olódi olókùúta tí Ọba Henry Kejì kọ́ ní Dover ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí.